Fàràndà onínẹ́ẹ̀tì fún Màmá l'Óṣogbo: kí ni kí n bá agbaṣẹ́ṣe sọ kó tó gbẹ́lẹ̀?

Ọmọ Màmá Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Òròkí, tilé toko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó kówó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Màmá mi ti lé ní 70 ọdún. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ìta ni wọ́n ń jókòó sí. Rédíò wọn á wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, wọn kì í sì í fẹ́ wọlé títí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n níbẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni ibà ti dá wọn dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà wá ní ká kọ́ ibì kan mọ́ ara ilé fún wọn. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́: yàrá tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kún inú rẹ̀ bámúbámú. Sunroom ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n júwe fún mi wo fọ́tò náà, ó ní òun á kọ́ ọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́ síwájú ilé wa, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 16. Iye kan ṣoṣo ló dá lé gbogbo ẹ̀. Ó ní ká san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sílẹ̀, kóun lè tètè ra ọjà kó tó tún wọ́n sí i.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn ni iwájú ilé wa kọjú sí. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ báyìí, mo sì fẹ́ kó parí kí òjò tó dé. Kí ni kí n bi í? Kí ni kí n kọ sílẹ̀?

Ọmọ Òròkí ní Chicago:

Ẹ kú àmójútó Màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa. Ilé tí mo ń gbé níbí ní yàrá gíláàsì bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà fún. Òtútù ibí máa ń sọ omi di yìnyín fún oṣù bíi mélòó kan. Oòrùn á yọ, ṣùgbọ́n kò ní lágbára. Gíláàsì á gba ìwọ̀nba tó wà wọlé, kò sì ní jẹ́ kí ooru ẹ̀ tètè jáde. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè jókòó síbẹ̀ láìwọ kóòtù nígbà tí ìta funfun fún yìnyín.

Iṣẹ́ kan náà ni gíláàsì máa ṣe l'Óṣogbo ní aago mẹ́ta ọ̀sán nínú oṣù kejì. Ooru á wọlé, kò ní jáde. Níwájú ilé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ààrò lẹ kọ́ yẹn. Mo jókòó nínú tèmi rí nínú oṣù keje, nígbà ooru ibí, n ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi dìde.

Lápá gúúsù Amẹ́ríkà, bíi Florida àti Georgia, tí ooru àti ẹ̀fọn ti pọ̀, fàràndà onínẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́. Òrùlé wà lókè, nẹ́ẹ̀tì yí i ká, atẹ́gùn ń kọjá. Ohun tó bá Màmá mu nìyẹn. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n yín, ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ló mú un fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́.

Ohun kan wà tí wọ́n ń ṣe níbí tí mo fẹ́ kí ẹ yá lò. Bí wọ́n bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ tán, agbaṣẹ́ṣe ò gbọdọ̀ da kọnkéré sí i títí òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú á fi wá wo bó ṣe jìn tó. Íǹṣì 42 ni wọ́n ń béèrè ní Chicago, torí pé ilẹ̀ tó bá di yìnyín máa ń wú, á sì ti ilé sókè. Ẹ̀yin ò ní wàhálà yìnyín, àmọ́ ẹ ṣe bí òṣìṣẹ́ yẹn. Ẹ sọ fún un pé kó má bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ ki téèpù bọ inú kòtò, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Bí kọnkéré bá ti bò ó, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù.

Bíríkìlà Àgbà:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún 26 rèé tí mo ti ń mọlé. Gbogbo ohun tí ará Chicago sọ ni mo fara mọ́, mo fẹ́ fi tèmi kún un.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni padà, ẹ gbé àga kan síwájú ilé ní aago mẹ́rin ọ̀sán, kí ẹ jókòó sórí ẹ̀. Ẹ tún gbé e lọ sẹ́yìn ilé, kí ẹ jókòó. Ara yín ló máa sọ fún yín. Ilé tó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa ń ní ibòòji láti ọ̀sán lọ, torí ilé fúnra ẹ̀ ló ń ṣíji bò ó. Fún àgbàlagbà tó ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa mú.

Àmọ́ ìlà-oòrùn náà ní ìṣòro tiẹ̀. Ẹ rántí òjò àkọ́rọ̀, ti oṣù kẹta sí ìkẹrin. Láti ìlà-oòrùn ni ìjì tó ń ṣáájú ẹ̀ ti sábà ń wá, á sì máa gbá omi wọlé ní ìdábùú. Nítorí náà etí òrùlé gbọ́dọ̀ yọ síta dáadáa, ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ ó kéré tán. Ògiri kúkúrú sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ti tó, íǹṣì 27 nìyẹn, Màmá á ṣì máa rí ìta látorí àga wọn.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò. Ká ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 16 ni. Ògiri mẹ́ta lẹ ó mọ, ìkẹrin ni ara ilé. 10 àti 16 àti 10 jẹ́ 36. Ẹ yọ 3 fún ilẹ̀kùn, ó ku 33. Búlọ́ọ̀kù kan gùn ní íǹṣì 18, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Ìlà kan á gba 22, ìlà mẹ́ta á gba 66. Ẹ fi mẹ́fà lé e fún èyí tó máa fọ́, 72. Bí agbaṣẹ́ṣe bá kọ 150 síwèé fún ògiri kúkúrú yẹn, ẹ ní kó ka iye rẹ̀ fún yín ní ìlà-ìlà. Ẹ má fi ìbínú bi í, ó lè jẹ́ pé ó ka ti ìpìlẹ̀ mọ́ ọn. Kó ṣáà yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èyí tó kàn ló máa ń dùn mí jù lára iṣẹ́ tí wọ́n ń pè mí sí láti tún ṣe. Ilé yín ti jókòó sórí ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí ẹ fẹ́ fi kún un ò tíì jókòó. Bí òjò ọdún kan bá ti mu ilẹ̀, á rọra rì díẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ògiri ilé láti ki búlọ́ọ̀kù tuntun bọ inú ẹ̀, ibẹ̀ á sán láti òkè délẹ̀, ẹ ó máa rẹ́ ẹ, á sì tún máa sán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àlàfo ìdajì íǹṣì sílẹ̀ láàárín tuntun àti àtijọ́, kí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù ìta dí ojú ẹ̀. Ohun tó lè fà tó sì lè sún ló yẹ ibẹ̀, sìmẹ́ǹtì kì í fà.

Ìbéèrè kan: níbo ni sókàwéè yín wà?

Ọmọ Màmá Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ ṣeun gidigidi, Bàbá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú tọ́ọ̀ṣì jáde lọ wò ó ni. Ẹ̀yìnkùlé ni sókàwéè wà, igun ọwọ́ òsì, ideri ẹ̀ jìnnà sí ògiri ilé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Ilé ìdáná wà ní igun ọwọ́ ọ̀tún. Abẹ́ fèrèsé ilé ìdáná yẹn la máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí.

Bíríkìlà Àgbà:

Ẹ ò rí i pé kò sí nínú fọ́tò. Ẹ má gbé ohunkóhun lé sókàwéè. Ideri ẹ̀ ò lè ru ògiri, ilẹ̀ tó yí i ká rọ̀, bó bá sì kún lọ́jọ́ kan, ibo ni ọkọ̀ tó ń fà á máa ki páìpù gbà? Ẹ sún fàràndà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ wọn ẹ̀yìn ilé láti igun dé igun kí ẹ rí iye tó kù.

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti jẹnẹrétọ̀ yẹn kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Ó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí èèyàn bá ń fà á símú, orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ọ, òòyì á kọ́ ọ, oorun á sì gbé e lọ. Àìmọye ilé ló ti ṣófo nítorí ẹ̀ nílùú wa yìí, ẹbí odindi ni wọ́n máa ń bá nínú yàrá láàárọ̀. Bí ẹ bá kọ́ fàràndà mọ́ ẹ̀yìn ilé, ọ̀gangan ibi tí Màmá máa jókòó sí ni èéfín náà á dúró sí, nítorí òrùlé ò ní jẹ́ kó tètè lọ sókè. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé pátápátá, sí ibi tí atẹ́gùn ò ti ní í gbé e wá sójú fèrèsé. Ẹ kọ́ ilé kékeré fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, kí oníná sì fa wáyà gígùn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ní ti ẹ̀fọn, inú mi dùn sí nǹkan tí ẹ fẹ́ ṣe. Àmọ́ ẹ̀fọn tó ń fa ibà, òru ló máa ń jẹni jù, nígbà tí a ti sùn. Fàràndà ò ní kí Màmá má sùn nínú nẹ́ẹ̀tì olóògùn lórí ibùsùn wọn. Ẹ tún yẹ agbègbè ilé wò: táyà àtijọ́, agolo, abẹ́ tánkì, gọ́tà tí ewé ti dí. Láti ẹyin títí dé ẹ̀fọn tó ń fò, kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ nínú omi adágún. Ẹ fi fáànù sí àjà fàràndà náà, ẹ̀fọn ò lágbára láti fò nínú atẹ́gùn.

Ará Ayétòrò:

Mo ka ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn, àyà mi já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san án.

Èmi náà kọ́ fàràndà mọ́lé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tó ṣe é fún mi mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì kọ́kọ́ ń yára. Mo ti san gbogbo owó tán àfi ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ kan kí wọ́n tó kan páànù. Lálẹ́ ọjọ́ òjò kejì, mo gbọ́ tó ń kán, tó, tó, tó. Mo tan iná, omi ń ṣàn láti ibi tí òrùlé tuntun ti pàdé ti àtijọ́, ó ń gba ara ògiri sọ̀kalẹ̀ sínú sókẹ́ẹ̀tì iná. Mo sáré pa iná gbogbo ilé.

Láàárọ̀ mo gun àkàbà lọ wò ó. Wọ́n ki etí páànù tuntun sábẹ́ fáṣíà, ìyẹn pákó tí wọ́n kàn mọ́ etí òrùlé àtijọ́, wọ́n fi ìṣó lásán kàn án, wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì lẹ ojú ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì náà ti là, ìlà tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó já bọ́. Páànù fúnra ẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Mo gbé gbọ́ọ̀lù ọmọ mi lé e, kò yí.

Mo pè é. Ó ní òun ń bọ̀. Mo pè é títí oṣù náà fi parí. Kò sí ohun tí mo lè fi fà á padà, torí owó rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹlòmíràn ni mo gbà, ó tú gbogbo òrùlé yẹn palẹ̀.

Káfíńtà Sábó:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ará Ayétòrò. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín yẹn, mò ń rí i káàkiri. Ìdí tó fi máa ń rí bẹ́ẹ̀ ni pé etí òrùlé ilé àtijọ́ máa ń lọ sílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe á fẹ́ ki tuntun sábẹ́ ẹ̀, kò ní sí àyè láti dá a gẹ̀rẹ́, á wá tẹ́ ẹ. Bí omi bá dúró lórí páànù, á wá ọ̀nà wọlé ni.

Àǹtí, ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé abẹ́ fáṣíà yín lónìí. Bí fàràndà bá yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ fi etí tó yọ lé e, páànù á rìn tó 12 àbọ̀. Mi ò lè gbà kí ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ dín sí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Bí fáṣíà bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, etí ìsàlẹ̀ á wà ní bíi méje àbọ̀. Èèyàn á kọjá dáadáa. Bí fáṣíà bá wà ní mẹ́jọ péré, kò ní ṣeé ṣe lábẹ́ ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìlà páànù àkọ́kọ́ lórí ilé, kí wọ́n ti tuntun bọ abẹ́ ẹ̀, kí ti òkè gùn lé ti ìsàlẹ̀ ní íǹṣì mẹ́sàn-án ó kéré tán. Omi òkè á wá ṣàn sórí tuntun láìrí ojú ihò kankan. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ó sì máa gbówó díẹ̀ sí i, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni fàràndà ti ń bàjẹ́.

Kí ìṣó páànù jẹ́ èyí tó ní rọ́bà lọ́rùn, orí ibi tó ga lára páànù ni kí wọ́n kàn án sí. Inú kòtò páànù ni omi ń gbà, ẹni tó bá kàn án síbẹ̀ ti lu ọ̀nà fún un.

Igi ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi igi tútù kọ́ ọ. Igi tútù á ká, páànù á sì ṣí. Àyán tàbí apá dára, ikán kì í fẹ́ràn wọn. Bí owó ò bá gbé e, igi tó rọ̀ díẹ̀ náà á ṣe é, kí wọ́n ṣáà fi òògùn ikán kùn ún yíká kí wọ́n tó gbé e gòkè, pàápàá orí tí wọ́n rẹ́, torí ibẹ̀ ló máa ń gba wọlé. Ẹ dúró tì wọ́n bí wọ́n bá ń kùn ún.

Onígíláàsì Ògo-Olúwa:

Gíláàsì ni mo ń tà, mo sì fara mọ́ ọn pé ẹ má lò ó níbí. Èmi náà ń ṣe férémù nẹ́ẹ̀tì.

Oríṣi nẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lẹ máa rí lọ́jà. Ọlọ́rà aláwọ̀ ewé ló pọ̀ jù, oòrùn á ti jẹ ẹ́ tán kó tó pẹ́ púpọ̀, á wá máa fọ́ lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ. Fíbà dúdú tàbí eérú rọ̀, ó ṣeé tún ṣe, ó sì ń jẹ́ kéèyàn rí ìta ketekete. Álúmíńọ́ọ̀mù le jù, àmọ́ bí nǹkan bá gbá a, ojú ibẹ̀ á tẹ̀ títí láé. Fún Màmá, fíbà ni mo máa fi ṣe é. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ béèrè èyí tó ní ojú 18 sí 16 nínú íǹṣì kan, ẹ̀fọn ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ kantíkantí ló ń dà yín láàmú, ojú 20 sí 20 ni kí ẹ mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn tó máa wọlé á dín díẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n na nẹ́ẹ̀tì gbọọrọ láti òpó dé òpó. Á wú bí ìgbòkun nígbà ìjì, á sì já. Kí férémù kọ̀ọ̀kan má fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Kó jẹ́ èyí tí rọ́bà di nẹ́ẹ̀tì mú nínú ihò ẹ̀, tí síkúrúù sì mú férémù mọ́ òpó. Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ ó kàn tú wọn kalẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ wọ́n, ẹ dá wọn padà. Eruku ọyẹ́ tó bá dí ojú nẹ́ẹ̀tì, atẹ́gùn ò ní wọlé mọ́.

Ilẹ̀kùn ni gbogbo ẹ̀ ń já sí. Mo ti rí fàràndà olówó gọbọi tí ẹ̀fọn ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ wọlé. Kó máa ṣí síta, kó ní sípíríǹgì tó ń pa á dé fúnra ẹ̀, kí rọ́bà wà nísàlẹ̀ tó kan ilẹ̀. Bí mo bá fẹ́ yẹ ilẹ̀kùn tí mo ṣe wò, lálẹ́ ni mo máa ń lọ. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tan tọ́ọ̀ṣì nínú, èmi á dúró síta. Gbogbo ibi tí mo bá ti rí ìmọ́lẹ̀ bí abẹ́rẹ́, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò tíì tán níbẹ̀.

Bí ewúrẹ́ àdúgbò bá pọ̀, ẹ ti ní ògiri kúkúrú, ìyẹn ti dáa. Iná tó pọ́n díẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe funfun gbòò, ẹ̀súnsún àti kòkòrò òru ò ní dà bo nẹ́ẹ̀tì tó bẹ́ẹ̀.

Àgbà Ọjà Ọba:

Ẹ kú ìmọ̀ràn, ẹ̀yin ọmọ mi. Agbo ilé ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nígbà náà, etí òrùlé ẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti tẹrí ba kó tó wọlé. Àwa ọmọdé rò pé nítorí ọ̀wọ̀ ni. Òjò ni wọ́n fi ń dènà. Ògiri ibẹ̀ kì í rin, bó ti wù kí ìjì le tó. Ohun tí Bíríkìlà àti Káfíńtà ń sọ nípa etí òrùlé, àwọn bàbá wa ti mọ̀ ọ́n.

Ẹsẹ̀ Màmá ni mo fẹ́ kí ẹ rò ó mọ́. Ìyàwó mi ṣubú lórí táìlì dídán lọ́dún tó kọjá, ìbàdí rẹ̀ ò tíì padà sípò. Táìlì tó ní ojú hóróhóró ni kí ẹ rà, kí ẹ da omi sí i ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi bàtà yín tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó sanwó. Àtẹ̀gùn láti inú ilé sí fàràndà, kó jẹ́ ẹyọ kan tí kò ga ju íǹṣì mẹ́fà. Ẹ ri ọwọ́ irin mọ́ ògiri níbẹ̀ tí wọ́n máa dì mú. Ilẹ̀kùn náà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tí Bíríkìlà ṣírò yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dín in. Ọjọ́ kan lè wà tí wọ́n á nílò kẹ̀kẹ́ aláìlera.

Bíríkìlà Àgbà:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo gbàgbé ilẹ̀. Kí ilẹ̀ fàràndà lọ sílẹ̀ ju ti inú ilé lọ, kó sì dà gẹ̀rẹ́ síta, bí íǹṣì méjì láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ jẹ́ kí ihò wà nísàlẹ̀ ògiri kúkúrú tí omi á gbà jáde, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ojú rẹ̀, torí ejò.

Ẹ tún lọ sí ọ́fíìsì ìgbèrò ìlú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú pílánù ilé dání. Wọ́n á sọ fún yín bó ṣe yẹ kó jìnnà sí fẹ́ǹsì tó. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí lára, ó ti di wàhálà fún onílé. Agbaṣẹ́ṣe ti lọ nígbà yẹn.

Ọmọ Màmá Òkè-Baálẹ̀:

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo wọ̀n ọ́n. Láti igun ilé ìdáná títí dé ibi tí sókàwéè ti bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́, àyè ẹsẹ̀ bàtà 19 wà, 16 wa á wọ ibẹ̀. Fáṣíà wà ní mẹ́jọ àti íǹṣì mẹ́rin, nítorí náà bí Káfíńtà ṣe sọ la ó ṣe é, a ó ṣí ìlà páànù kan. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà, ó ní ká gbàgbé gíláàsì.

Owó ló kù. Báwo ni ká ṣe pín in?

Ará Ayétòrò:

Bí mo ṣe pín in fún ẹni kejì tó tún tèmi ṣe rèé. Ẹ fúnra yín ra ọjà ńlá, sìmẹ́ǹtì, búlọ́ọ̀kù, igi, páànù, kí ẹ gba rìsíìtì. Owó iṣẹ́ nìkan ni kí ẹ bá agbaṣẹ́ṣe dá. Ẹ san díẹ̀ bí wọ́n bá ti kó irinṣẹ́ dé. Ẹ san òmíràn nígbà tí ìpìlẹ̀ bá kúrò nílẹ̀ tí ẹ sì ti yà á ní fọ́tò, òmíràn nígbà tí òrùlé bá ti wọ̀, òmíràn nígbà tí nẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn bá ti wà níbẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ di í mú títí òjò ńlá méjì á fi rọ̀ sórí ẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé àdéhùn gbangba: òjò ńlá méjì. Kí òun àti ẹ̀yin buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí.

Bí kò bá gbà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Ọmọ Òròkí ní Chicago:

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan náà pé bí ẹ bá fẹ́ yí ohunkóhun padà lágbede méjì iṣẹ́, kó kọ iye ẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣe é. Àfikún tí wọ́n sọ lẹ́nu nìkan ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ níbí, mo rò pé bákan náà ni lọ́hùn-ún.

Ọmọ Màmá Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣèlérí pé mo máa padà wá ròyìn.

Agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ kọ̀ láti gbà bí a ṣe pín owó, a sì pínyà ní ìrẹ́pọ̀. Ẹlòmíràn gbà, ó buwọ́ lùwé, ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ẹlẹ́rìí lórí fóònù, aládùúgbò wa jẹ́ ẹlẹ́rìí lójúkojú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà wọ́n. Búlọ́ọ̀kù ògiri kúkúrú jẹ́ 70, ó ku méjì nínú 72 tí Bàbá Bíríkìlà ṣírò, orí ọ̀kan nínú wọn ni mo jókòó sí báyìí. Jẹnẹrétọ̀ ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú ìjì. Òrùlé ò jò rárá. Àmọ́ ìjì gbá omi wọlé láti igun tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó rin nẹ́ẹ̀tì, ó sì dé ẹsẹ̀ àga Màmá. Mo pe agbaṣẹ́ṣe, ó dé lọ́jọ́ kejì. Ó gbé tápólì ìká kan kọ́ sí abẹ́ etí òrùlé ní igun yẹn, tí a lè fi okùn fà sókè sódò. Òjò kejì rọ̀ lánàá, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. A fa tápólì sílẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì yí gbogbo ilẹ̀ ká, mo fi ọwọ́ pa táìlì láti ẹnu ọ̀nà dé igun, ó gbẹ.

Màmá ò wọlé. Wọ́n ní kí n yí rédíò sókè, òjò ń pariwo.

Bíríkìlà Àgbà:

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ ti san ìyókù owó ẹ̀?

Ọmọ Màmá Òkè-Baálẹ̀:

Mo san án láàárọ̀ yìí, Bàbá.